Irú Wo Ni? Jẹjẹrẹ Ọmú Kì Í Ṣe Àrùn Kan Ṣoṣo

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù, bẹ́ǹṣì ti kún ní ibi tí wọ́n ti ń rí àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní ọsibítù ńlá kan n'Ìbàdàn. Àwọn obìnrin jókòó lẹ́sẹẹsẹ, fáìlì lórí itan, ìborùn léjìká. Oògùn kẹ́mò ti mú irun orí àwọn kan lọ, wọ́n fi gèlè bò ó. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági tú báàgì rẹ̀, ó mú páálí oògùn kan jáde, ó sì nà án sí obìnrin tó jókòó tì í.

"Gbà, àbúrò mi. Òun ni mo ti ń lò láti ọdún mẹ́rin. Ọ̀kan ṣoṣo láràárọ̀. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, wọn ì bá ti sin mí."

Obìnrin kejì, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì pé ogójì ọdún, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn."

Nọ́ọ̀sì tó ń pe nọ́ńbà gbọ́ wọn, ó sún mọ́ wọn. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba oògùn yín padà. Kò lè ṣe nǹkan kan fún wọn."

"Kí ló dé? Ṣebí àrùn kan náà ló gbé wa wá síbí?"

"Orúkọ kan náà ni, mà. Àrùn yín ò jọra."

Ìyá náà kò bínú, ẹnu yà á ni. Látìgbà tó ti ń wá sí ọsibítù, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún un rí.

Gbogbo ilé ló yẹ kó gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2022, obìnrin mílíọ̀nù 2.3 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ọmú lára wọn káàkiri ayé, 670,000 sì bá a lọ. Ní Nàìjíríà, kò sí jẹjẹrẹ tó ń mú obìnrin tó o. Lóṣù kẹwàá ọdọọdún, rédíò á máa pariwo pé kí a yẹ ọmú wa wò. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni ìkéde sábà máa ń parí sí. Wọn kì í sọ ohun tó kàn lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti ba kókó: pé kókó náà ní irú tó jẹ́, àti pé irú tó jẹ́ ló ń pinnu oògùn tó lè pa á.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀

Inú ọmú ní àwọn àpò kéékèèké tó ń ṣe wàrà, ó sì ní àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tó ń gbé wàrà lọ sí orí ọmú. Ara ògiri ọ̀pá wàrà wọ̀nyí ni èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ọmú ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí a bá kó obìnrin mẹ́wàá jọ tí jẹjẹrẹ ti wọ ẹran ọmú wọn, méje sí mẹ́jọ nínú wọn ló jẹ́ ti ọ̀pá wàrà. Òun ló sábà máa ń di kókó líle tí ọwọ́ lè bà. Kì í sì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, èyí ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. "Kò kúkú dùn mí" ni gbólóhùn tí àwọn dókítà sọ pé àwọn ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó wá.

Ti àpò wàrà yàtọ̀ sí i. Kò wọ́pọ̀ tó ìyẹn, ó tó ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í kó ara jọ sójú kan, ṣe ni wọ́n ń tò tẹ̀ léra wọn ní ìlà ìlà wọ inú ẹran ọmú. Obìnrin lè fọwọ́ yẹ ọmú rẹ̀ dáadáa kó má bá kókó kankan, àwòrán mámógíráàmù pàápàá lè má tètè rí i. Ohun tó lè rí ni pé ibì kan nípọn ju ibi yòókù lọ, tàbí pé ọmú kan ń súnkì, tàbí pé orí rẹ̀ ń wọnú lọ. Ẹni tó jẹ́ pé kókó nìkan ló ń wá á kọjá rẹ̀.

Èyí tó rọrùn jù láti wò sàn ni èyí tó ṣì há sínú ọ̀pá wàrà, tí kò tíì já ògiri rẹ̀. Mámógíráàmù ló sábà ń tú àṣírí rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn dókítà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i, nítorí pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ló ń ya àwòrán ọmú nígbà tí ara bá le koko.

Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé orí ọmú ló ti ń fara hàn. Á máa yún, á máa bó, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde níbẹ̀. Obìnrin á rò pé èélá ni, á ra ìpara títí. Oníṣẹ́ abẹ kan sọ fún mi pé òun kì í bá aláìsàn jiyàn lórí ìpara: "Ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bí orí ọmú kan ṣoṣo yẹn ṣì ń bó, ẹ padà wá ká gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò."

Àwọn ọkùnrin náà ní ọmú, wọ́n sì ń ní jẹjẹrẹ rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ní àrùn yìí, nǹkan bí ẹnì kan jẹ́ ọkùnrin. Ìtìjú ló ń pa tiwọn. Ta ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ fún pé ọmú ló ń dun àwọn? Bàbá tó bá rí kókó lẹ́yìn orí ọmú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi agbádá bò ó.

"Oówo ni wọ́n pè é"

Irú kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn abiyamọ mọ̀ dunjú. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó yára bí iná. Kì í sábà ní kókó. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ló ń dí àwọn iṣan kéékèèké tó ń fa omi kúrò nínú awọ ọmú, ọmú náà á wú, á gbóná, á wúwo, awọ rẹ̀ á nípọn, ihò kéékèèké á sì máa hàn lára rẹ̀ bíi ti èèpo ọsàn. Gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

"Ọmọ mi ò tíì pé oṣù mẹ́jọ nígbà yẹn," ni ìyá ọmọ méjì kan sọ. "Ìyá ọkọ mi ní wàrà ló dì síbẹ̀. A fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ní kẹ́mísì, wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́, wọ́n ní oówo ọmú ni. Ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún wú. A tún lọ gba abẹ́rẹ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni a fi ń wo oówo."

Kò sí ẹni tí mo lè bá wí nínú ìtàn yìí ju àìmọ̀ lọ. Oówo ọmú pọ̀ lára abiyamọ lóòótọ́, ìyá ọkọ yẹn kò sì ṣe é níkà. Ìwé ìṣègùn pàápàá máa ń kọ ọ́ pé ọmú á pọ́n. Lára aláwọ̀ dúdú, ó lè má pọ́n rárá, ó lè kàn dúdú sí i, tàbí kó ní àwọ̀ bí ara tí wọ́n nà ṣe máa ń rí. Ohun tí àwọn dókítà ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé bí ọmú tó wú kò bá lọ pátápátá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí a ti ń lo oògùn, kí a má ṣe tún ra òmíràn. Kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Bí ó bá jẹ́ irú yìí, kẹ́mò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún ènìyàn, kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ, lẹ́yìn náà ni ìtànṣán.

Ohun tó wà lára sẹ́ẹ̀lì

Ibi tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀ kò tíì tó láti yan oògùn. Orúkọ kejì wà, èyí tí ojú lásán kò lè rí. Nígbà tí wọ́n bá gé ẹran lára kókó, dókítà tó ń fi ẹ̀rọ yẹ ẹran ara wò á fi oògùn aláwọ̀ wá nǹkan mẹ́ta lára sẹ́ẹ̀lì. Méjì àkọ́kọ́ ni ojú tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba họ́mọ́nù obìnrin, ìyẹn estrogen àti progesterone. ER àti PR ni wọ́n ń kọ sórí ìwé. Ẹ̀kẹta ni HER2, èròjà kan tí sẹ́ẹ̀lì ara gbogbo ènìyàn ní níwọ̀nba, ṣùgbọ́n tí ó máa ń pọ̀ lápọ̀jù lára jẹjẹrẹ mìíràn, tí á sì máa tì í kó yára dàgbà.

"Àgbẹ̀ mọ̀ pé oògùn tó pa èpò eléwé pẹlẹbẹ lè má pa koríko," ni dókítà kan ṣe ṣàlàyé rẹ̀. "Á kọ́kọ́ wo ohun tó hù lóko kó tó ra oògùn."

Ní 1896, George Beatson, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Glasgow, kọ̀wé pé nígbà tí òun yọ ilé ẹyin obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú ti mú wọra, kókó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló rí ìdí rẹ̀: họ́mọ́nù tó ń ti ilé ẹyin wá ló ń bọ́ àrùn náà. Tamoxifen, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Bìrìtéènì ní 1973, ń ṣe iṣẹ́ yẹn láìyọ nǹkan kan. Ó ń dí ojú tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba estrogen. Ọdún márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ń lò ó, àwọn mìíràn ń lò ó tó mẹ́wàá. Nínú gbogbo oògùn jẹjẹrẹ, ó wà lára èyí tí owó rẹ̀ kò pa ni. Òun ló wà nínú páálí ìyá Gbági.

Àmọ́ bí ER àti PR kò bá sí níbẹ̀, kò sí ojú tí oògùn náà fẹ́ dí. Ẹni tó ń gbé e mì láràárọ̀ ń gba ìyà lásán, àkókò sì ń lọ. Ẹ̀rù tí nọ́ọ̀sì yẹn ń bà nìyẹn.

Ti HER2 ní oògùn tirẹ̀, trastuzumab, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1998. Kó tó dé, irú yìí wà lára àwọn tó ń yára pa ènìyàn jù. Nǹkan bí obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in. Oògùn náà yí ìtàn wọn padà ní ìlú tí owó wà. Níbí, ọ̀pọ̀ ló mọ orúkọ rẹ̀ tí kò lè dé ìdí rẹ̀, ó sì dùn mí láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà yẹn kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ER, kò sí PR, HER2 kò pọ̀. Àwọn dókítà ń pè é ní triple negative. Kẹ́mò ni ohun ìjà tó ṣe pàtàkì jù fún un. Ọ̀pọ̀ tó bá gbọ́ orúkọ yìí ni ọkàn wọn ń rẹ̀, nítorí pé ó máa ń yára dàgbà. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ìyókù. Sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pọ̀ ni kẹ́mò ń rí pa jù, àwọn obìnrin kan sì wà tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n fi máa ṣe iṣẹ́ abẹ lẹ́yìn kẹ́mò, wọn kò bá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kankan mọ́ níbẹ̀. Bí yóò bá padà, láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún àkọ́kọ́ ló sábà ń padà. Ẹni tó bá kọjá ibẹ̀, ewu rẹ̀ dínkù gan-an. Èyí tó ń jẹ họ́mọ́nù, tí a rò pé ó rọ̀, lè sùn fún ọdún mẹ́wàá tàbí ogún kó tún jí. Nítorí náà, kò sí èyí tí a lè pè ní kékeré nínú wọn.

Èyí tó pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa

Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ọmú ni triple negative. Láàárín obìnrin aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, ó tó ìlọ́po méjì ti àwọn aláwọ̀ funfun. Àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn kúrò ní etíkun wa lọ sókè òkun ni púpọ̀ nínú àwọn aláwọ̀ dúdú yìí. Nígbà tí wọ́n sì wo ọ̀dọ̀ wa níbí, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009 lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà àti Sẹ̀nẹ̀gà fi hàn pé tiwa ju ìdajì lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Fúnmiláyọ̀ Olópàdé wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí náà. Yunifásítì Ìbàdàn ló ti kọ́ ìṣègùn kó tó lọ sí Chicago, níbi tó ti fi iṣẹ́ ayé rẹ̀ béèrè ìdí tí àrùn yìí fi ń tètè mú obìnrin aláwọ̀ dúdú, tó sì fi ń le mọ́ wọn. Ní 2018, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì àyẹ̀wò jíìnì obìnrin 1,136 tó ní àrùn náà n'Ìbàdàn jáde. Nǹkan bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ló jogún àbùkù jíìnì tó fà á. Èyí tí wọ́n ń pè ní BRCA1 ló pọ̀ jù, òun ló sì sábà ń bá triple negative rìn.

Ìtumọ̀ èyí fún ìdílé Yorùbá kò rọrùn. A ṣì ń wádìí àrùn ìdílé kí a tó fi ọmọ fún ọkọ. Ìdí nìyẹn tí ìyá fi ń fi ikú àǹtí rẹ̀ pamọ́, tí wọ́n á ní àwọn ayé ló ṣe é, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo mọ ẹ̀rù tó wà nídìí rẹ̀, mo sì gbà pé àṣà yìí ń pa àwọn ọmọ tí a rò pé à ń dáàbò bò. Ọmọbìnrin tó bá mọ̀ pé ìyá òun, tàbí àbúrò bàbá òun lóbìnrin, ní in kó tó pé àádọ́ta ọdún lè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní kùtùkùtù. Bàbá náà lè gbé jíìnì yìí fún ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kò sí irú rẹ̀ nínú ẹbí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ lẹ́rán: wọn kò rí irú àbùkù jíìnì bẹ́ẹ̀ lára márùndínláàádọ́rùn-ún yòókù nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní 1997, lẹ́yìn tí wọ́n rí àrùn náà lára Betty Anyanwu-Akérédolú, ó dá BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọmú, sílẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ ní gbangba pé òun ní in, òun sì yè é. Nígbà náà, àwọn ènìyàn kì í dárúkọ rẹ̀ nínú yàrá pàápàá. Ìgboyà yẹn ti gba ẹ̀mí là.

Ìgò tí ọmọ aláìsàn ń gbé kiri

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ jù rèé. "Wọ́n gé ẹran lára màmá mi, wọ́n kó o sínú ìgò, wọ́n ní kí n gbé e lọ sí láàbù," ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ. "Mo wọ Micra, mo débẹ̀, wọ́n ní owó mi ò pé. Mo gbé e padà sílé. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí owó tó kù."

Mo béèrè ohun tó wà nínú ìgò náà. Kò mọ̀. "Omi kan ṣáá ni."

Omi yẹn ni gbogbo rẹ̀. Formalin, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara bàjẹ́, ló yẹ kó jẹ́, kí ẹran náà sì wọ inú rẹ̀ láàárín wákàtí kan tí wọ́n gé e. Kò gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ ju wákàtí méjìléláàádọ́rin lọ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí ó bá gbẹ, tàbí tí wọ́n fi omi lásán tàbí omi iyọ̀ sí i, ojú ìgbà họ́mọ́nù lára sẹ́ẹ̀lì á bàjẹ́. Èsì á sọ pé kò sí ER níbi tí ER wà. "Mo ti rí ìwé tó ní triple negative, tí a tún un ṣe pẹ̀lú ẹran tuntun, tó jáde ní ER tó lágbára," ni dókítà kan tó ń yẹ ẹran ara wò sọ. "Wọ́n fẹ́ẹ̀ẹ́ fi oògùn tó lè gbà á là dù ú."

Nítorí náà, ẹ béèrè. Ṣé formalin ló wà nínú ìgò yìí? Aago mélòó ni wọ́n gé e? Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Bí èsì bá jáde, ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà sọ́wọ́, kì í ṣe kí wọ́n kàn fẹnu sọ ọ́. ER, PR àti HER2 gbọ́dọ̀ hàn lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ HER2 ní 2+, àyẹ̀wò kù sí i, kò tíì sẹ́ni tó lè sọ bóyá ó pọ̀ tàbí kò pọ̀. Láàbù máa ń rì ẹran náà mọ́ inú àbẹ́là kan. Kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, nítorí wọ́n lè tún un yẹ̀ wò lọ́dún tó ń bọ̀ láìgé ènìyàn mọ́.

Ọ̀pọ̀ ń sá fún gígé yìí. Wọ́n ní tí irin bá kàn án, á tú ká. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ yunifásítì. Abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò kì í jí jẹjẹrẹ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú wa ń lọ nígbà tó ti dé ìpele kẹta tàbí ìkẹrin, lẹ́yìn àgbo, lẹ́yìn orí òkè, nígbà tí ó ti tú ká kí abẹ́rẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ la rí, òun la sì dá lẹ́bi.

Ta ni yóò sanwó rẹ̀?

Àwọn tíṣà, àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn aránṣọ kò lè máa ta ohun ìní wọn láti sanwó àyẹ̀wò tó máa sọ irú àrùn wọn. Ìjọba àpapọ̀ ní owó ìrànwọ́ kan, Cancer Health Fund, fún àwọn tí kò lówó tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ti ọrùn ilé ọmọ àti ti prostate. Ẹ béèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ aláìsàn ní ọsibítù tí ẹ bá lọ. Kò tó kárí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè kò ní rí i gbà.

Ọ̀dọ̀ àwọn gómìnà wa ni ẹ̀bẹ̀ mi ń lọ. Ẹ dín owó fìlà àti aṣọ aláwọ̀ pínǹkì tí ẹ ń pín lóṣù kẹwàá kù. Ẹ fi ra formalin sí gbogbo ọsibítù ìpínlẹ̀, ẹ gbé ẹran náà lọ sí láàbù fún aláìsàn, kí ọmọ rẹ̀ má máa gbé e kiri ìgboro, kí ẹ sì sanwó àyẹ̀wò ER, PR àti HER2 fún gbogbo obìnrin tí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀. Ẹ fi í sínú ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀.